Àpò Ìgbẹ́ Ara Ikùn: Kí Omi Má Kan Asẹ́ Rẹ̀

Ẹni tí dókítà fa ìfun rẹ̀ yọ sí ara ikùn, ìbáà jẹ́ nítorí jẹjẹrẹ, ìfun tó lọ́ pọ̀ tàbí jàǹbá ọkọ̀, títí kan ọmọ tí wọ́n bí láìní ihò ìdí, àpò ni yóò máa gba ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹran ìfun tó yọ síta yẹn, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní sítómà, máa ń pupa, ó sì máa ń tutù bí inú ẹnu. Kì í dunni tí a bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ojú ni kí ẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín.

Ẹ wo òkè àpò náà dáadáa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ní ihò tín-ín-tín níbẹ̀. Asẹ́ nìyẹn. Èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe ló wà nínú rẹ̀: isó á gba ibẹ̀ jáde, èédú á sì gba òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Àpò tí wọ́n ń fi gba ìtọ̀ kì í ní in. Ìgbà tí asẹ́ yìí bá gbẹ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Omi tàbí ìgbẹ́ ṣíṣàn bá wọ̀ ọ́, ó dí nìyẹn. Kódà bí nǹkan kan ò ṣe é, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí sítíkà kéékèèké fi máa ń wà nínú páálí àpò: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò asẹ́ kí ẹ tó wẹ̀, ẹ sì ṣí i kúrò tí ara bá gbẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó sítíkà yìí dànù mọ́ páálí!

Bí asẹ́ bá dí, àpò á wú. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i o! Òórùn á gba ilé kan, ìgbẹ́ á sì máa jò. Bó bá jẹ́ àpò tó lẹ́nu nísàlẹ̀, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ ṣí i, kí ẹ rọra tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ̀wà, ẹyin, àlùbọ́sà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń mú isó pọ̀. A ò ní kí ẹ má jẹ mọ́ínmọ́ín. Lọ́jọ́ òde ni kí ẹ fọgbọ́n jẹ ẹ́.

Nígbà mìíràn, asẹ́ á fa afẹ́fẹ́ tán, àpò á lẹ̀ pọ̀, ìgbẹ́ tó ki á há sókè. Ẹ fi sítíkà bo asẹ́, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sínú àpò kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra.

Ẹ máa da ìgbẹ́ nù kí àpò tó kọjá ìdajì. Àpò wọ́n, a mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣan èyí tó lẹ́nu nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ni kí omi mọ.

Tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, omi lásán ti tó láti fi wẹ awọ ibẹ̀. Ìpara àti òróró kì í jẹ́ kó lẹ̀. Kí ihò tí ẹ máa gé fi mìlímítà 2 sí 3 tóbi ju sítómà lọ. Sítómà máa ń súnkì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi páálí àpò sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn.

Sítómà tó bá dúdú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tàbí ìgbẹ́ tí kò jáde, tí inú ń run yín, tí ẹ sì ń bì: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.