Bí mo ṣe gbé màmá mi wọ Shinkansen láti Tokyo dé Kyoto, èyí tó ń falẹ̀ jù la sì mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dábàá Japan o, màmá mi ni. Obìnrin tó ti ń gbé Peckham láti ìgbà tí mo wà ní pámárì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kúrò ní London, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, kò sí ibòmíì. Ọjọ́ kan ṣá ni wọ́n rí àwòrán òkè Fuji lára kàlẹ́ńdà níbi tí wọ́n ti lọ tọ́jú eyín, wọ́n délé, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ fojú ara mi rí òkè yìí kí n tó pé àádọ́rin ọdún." Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tún bi mí lọ́sẹ̀ kejì pé ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ òkè dé, mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù.

Orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n rìn púpọ̀, torí náà ọ̀rọ̀ gígun òkè ò sí níbẹ̀ rárá, òkè tó ga ní mítà 3,776, ta ló fẹ́ gbé wọn pọ̀n? Ojú fèrèsé rélùwéè la ti máa wò ó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí Shinkansen nìyẹn, rélùwéè asáré-bí-ọta wọn tí wọ́n ṣí láàárín Tokyo àti Osaka ní ọjọ́ kìíní oṣù October 1964, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Olympics bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ká kúkú gba ọ̀nà Kanazawa, torí yìnyín orí òkè ibẹ̀ dáa ní wíwò, àti pé láti March 2024 ọ̀nà yẹn ti gùn dé Tsuruga. Mo wò ó, kò burú, ṣùgbọ́n ihò abẹ́ òkè ti pọ̀ jù níbẹ̀, bó o bá ṣe ń gbádùn ohun tó ò ń wò báyìí lòkùnkùn á tún bo ojú ẹ, òkè Fuji la sì tìtorí ẹ̀ kúrò nílé. Ọ̀nà Tokyo sí Kyoto ló kù.

Ibi tí mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Orí ọ̀nà kan náà yẹn, oríṣi mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nozomi ló yá jù, bíi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi ń dé Kyoto, Shinagawa, Shin-Yokohama àti Nagoya nìkan ló máa ń yà sí. Hikari ló tẹ̀ lé e, bíi wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Kodama wá ni mólúè àárín wọn, gbogbo téṣàn ló ń yà, mẹ́rìnlá láàárín Tokyo àti Kyoto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó wákàtí mẹ́rin. Ẹ má rò pé ó ń wọ́ bí ìgbín o, bákan náà lòun àti Nozomi rí, òun náà ń sáré, dídúró yẹn ló ń pa á lára. Gbogbo ẹni tí mo bi, Nozomi ni wọ́n ń pariwo, èmi náà ti fẹ́ rà á, àfìgbà tí mo rí i pé Nozomi kì í yà ní Shin-Fuji, téṣàn tó wà nítòsí òkè yẹn, pé ó lè máa sáré tó kìlómítà 285 ní wákàtí kan, pé bó o bá bẹ̀rẹ̀ kó o so okùn bàtà, òkè ti kọjá. Mo wá bi ara mi pé kí ló ń lé wa? Kò sẹ́ni tó ń retí wa ní Kyoto. Màmá mi á jókòó, wọ́n á wòran, wọ́n á jẹun, wọ́n á tòògbé díẹ̀. Kodama ló yẹ wá.

Ó kan owó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ Japan tipẹ́ á sọ fún ẹ pé JR Pass ni kó o rà, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ méje tí wàá fi máa wọ rélùwéè bó ṣe wù ẹ́. Òótọ́ ni, nígbà tó wà ní 29,650 yen ó bọ́ sí i. Láti October 2023 wọ́n ti gbé e dé 50,000, bó o bá sì fẹ́ fi wọ Nozomi wàá tún fowó kún un. Mo gbé fóònù, mo ṣírò ẹ̀: ká gba ìjókòó sílẹ̀ nínú Kodama láti Tokyo dé Kyoto, 13,850 yen lẹ́nì kan, Nozomi 14,170. Àlọ àtàbọ̀ Kodama ò dé 28,000. Kí ni mo fẹ́ fi 50,000 ṣe? Bẹ́ ẹ bá ń lọ Hiroshima, tẹ́ ẹ tún kọjá sí Fukuoka kẹ́ ẹ tó padà, ìyẹn lè yàtọ̀, ẹ jókòó ṣírò ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tiẹ̀ tún wà tó ń jẹ́ Puratto Kodama, ó dínwó sí i, wọ́n á tún fún ẹ ní nǹkan mímu kan lé e, àmọ́ bó o bá pẹ́ tí rélùwéè ẹ lọ, ó tán nìyẹn. Èmi tí mò ń bá ẹni tó máa ń padà wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jáde rìn, ta ló rán mi níṣẹ́?

Oṣù February ni mo mú. Lásìkò ooru, kùrukùru máa ń bo òkè yẹn mọ́lẹ̀ ṣáá, èèyàn lè kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má rí i, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ojú ọ̀run máa ń mọ́, àárọ̀ ló sì dáa jù. Ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May, àárín August, àti ìgbà ọdún tuntun, ẹ sá fún un, gbogbo Japan ló máa ń rìnrìn àjò nígbà yẹn.

Orí app tó ń jẹ́ SmartEX ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Japan, nígbà tó ku oṣù kan, ìyẹn aago kan òru ní London. Mo fi álàámù jí. Ká sòótọ́ Kodama kì í fi bẹ́ẹ̀ kún, ǹ bá ti sùn dọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìjókòó kan pàtó ni mò ń lé. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: A, B, C wà lápá kan, D àti E wà lápá kejì. Bó o bá ń ti Tokyo bọ̀ wá sí Kyoto, E ló wà létí fèrèsé lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni Fuji wà. Ẹni tó bá jókòó sí A, òkun ló ń wò. Mo mú E fún màmá mi, mo mú D fún ara mi, kóòṣì 11, torí àwọn kóòṣì 1, 3, 5 lọ báyẹn ni ilé ìtọ̀ wà, ẹ sì mọ bí àgbàlagbà ṣe ń rí.

Káàdì mi àkọ́kọ́ kọ̀. Ó ní kí n lọ fọwọ́ sí i lórí app báńkì, mo fọwọ́ sí i, ó tún kọ̀, mo tún fọwọ́ sí i. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, mo ń bá fóònù jà nínú òkùnkùn. Káàdì kejì ló gbà. Káàdì tó o fi rà á yẹn gan-an ni kó o mú dání, torí òun lo máa fi gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹ̀rọ ní téṣàn bó o bá fẹ́ oníwèé, màmá mi sì fẹ́ oníwèé, wọ́n ní àwọn ò lè máa na fóònù sí ẹnu géètì.

Báàgì wá ń kọ́. Wọ́n ní òfin kan pé bó o bá ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga báàgì pọ̀ tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, àfi kó o gba ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá tó ní àyè ẹrù, kò sówó lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ò bá gbà á sílẹ̀ wàá san 1,000 yen. Mo fi téèpù ìránṣọ màmá mi wọn báàgì wọn, ó jẹ́ 171. Wọ́n ní téèpù ló ti fà. Mo bá pinnu pé takkyubin la máa lò, ìyẹn ni pé kó o gbé báàgì fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì Tokyo, ọjọ́ kejì á ti dé hòtẹ́ẹ̀lì ẹ ní Kyoto, ìwọ á kàn máa fapá rìn. Nǹkan dáadáa. Mo sọ fún wọn kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n máa lò mọ́jú sọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, a kọ́kọ́ yà ní Ekibenya Matsuri nínú téṣàn Tokyo, ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ inú páálí lóríṣiríṣi. Ẹ rà á kẹ́ ẹ tó wọlé o, àwọn tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri nínú Nozomi àti Hikari, ìparí October 2023 ni wọ́n dá a dúró, ti Kodama sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Màmá mi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò jẹ ẹja tí ò rí iná, àwọn ò sì jẹ ìrẹsì tútù, ìrẹsì tútù yẹn gan-an sì lèyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Orí ló bá mi ṣe é, mo rí èyí tí wọ́n ń fi ahọ́n màlúù sè, irú èyí tí Sendai mọ̀ dáadáa, okùn kan wà létí páálí ẹ̀, bó o bá fà á, ẹfun tó wà nísàlẹ̀ á pàdé omi, oúnjẹ á gbóná. Nígbà tí mo fa okùn yẹn nínú rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣììì tí èéfín ń jáde, wọ́n sún mọ́ fèrèsé. "Àbẹ̀kẹ́, kí lo fún mi yìí?" Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń wo tèmi.

Ní Odawara, Kodama wa kàn dúró. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta, kò lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń yà fún àwọn tó yá jù ú lọ. Lójijì ni nǹkan kan gbá afẹ́fẹ́ wìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbogbo kóòṣì mì, màmá mi pe Jésù. Mo ní Nozomi ni, èyí tí gbogbo èèyàn ní ká wọ̀. Wọ́n ní "Ṣé ibi tá à ń lọ làwọn yẹn náà ń lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní "Kí ni wọ́n wá fẹ́ rí báyẹn?"

Atami kọjá, òkun yọ díẹ̀ lápá kejì, a wọ ihò kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́jọ, a jáde, a yà ní Mishima. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo ní kí wọ́n máa wòta.

Màá sòótọ́ fún yín, kì í ṣe bó ṣe wà lára kàlẹ́ńdà ló ṣe kọ́kọ́ yọ. Ìlú Fuji tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, iṣẹ́ ìwé ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, túbù èéfín ilé iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ yọ sí ẹ, wáyà iná, òrùlé ilé, òkè ló wá wà lẹ́yìn gbogbo wọn, funfun láti àárín dókè, ó tóbi débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ìkùukùu ni. Nígbà tá a dúró ní Shin-Fuji, ó wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan, a wò ó tẹ́rùn. Màmá mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní "Òun nìyẹn?" Mo ní òun nìyẹn mà. Wọ́n ní Olúmọ ò ga tó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n Olúmọ èèyàn lè fọwọ́ kàn án, pé eléyìí ò tiẹ̀ jọ òkúta, ó jọ iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú odó. Bá a ṣe kúrò ní téṣàn yẹn la gun afárá odò Fuji, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó ń dí i lójú ti kúrò, ẹ jẹ́ kí fóònù yín ti wà lọ́wọ́. Mo ya bí ogójì fọ́tò, ọ̀kan péré ni òpó ò sí nínú ẹ̀.

Ní Shizuoka a tún dúró pẹ́ díẹ̀, mo bọ́ sílẹ̀ lọ ra tíì tútù nínú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, Shizuoka sì ni ìlú oko tíì wọn. Màmá mi ń na ọwọ́ sí mi láti fèrèsé bíi pé mo ń lọ sógun. Mo ti kà á pé lẹ́yìn ibẹ̀ Fuji tún máa ń yọ ní ọwọ́ òsì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo sáré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo rí nǹkan funfun kan fìrí, bóyá òun ni.

Wọ́n wá pe àǹtí mi lórí WhatsApp, lórí sípíkà, ohùn òkè, "Mo ti rí i o!" Gbogbo kóòṣì ló dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó bá wa wí, ṣùgbọ́n àárín kóòṣì méjì ni wọ́n ti ń gba ìpè níbẹ̀, mo rọra mú wọn lọ síbẹ̀. Nígbà tá a fi ń kọjá lórí adágún Hamana, tómi wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti sùn lọ. Mi ò jí wọn.

Lẹ́yìn Nagoya, ní Sekigahara, yìnyín bo gbogbo oko àti òrùlé, rélùwéè dẹsẹ̀, omi ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kí yìnyín má bàa fò lu abẹ́ ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà la fi pẹ́ dé Kyoto, ẹ̀mẹta ni wọ́n tọrọ àforíjì lórí gbohùngbohùn.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la wá mọ̀ pé inú báàgì tá a fi ránṣẹ́ ni Àbọ́níkì wọn wà. Aṣọ gbígbóná ni mo fi ń tẹ orúnkún wọn títí dí aago mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín wo ohun tí wọ́n bá ní àwọn ti yọ sọ́tọ̀.

Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n bi mí pé tá a bá ń padà sí Tokyo, ṣé E yẹn náà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, E náà ni, òsì ló kàn máa bọ́ sí. Wọ́n ní "Èyí tó ń dúró yẹn ṣá ni o."