Bí Wọ́n Bá Bú Nọ́ọ̀sì: Àṣìṣe Tí Àwọn Ọ̀gá Ilé Ìwòsàn Máa Ń Ṣe

Bí nọ́ọ̀sì bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù àti ìlú Ọba ni a máa ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ èébú wà lára ohun tí ó ń mú wọn di ẹrù, ọ̀gá ilé ìwòsàn sì lè fòpin sí èébú náà láì retí ìjọba.

Ẹ má ṣe ní kí ẹni tí wọ́n bú lọ bẹ ẹni tí ó bú u. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nìyí. Ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ òru, bàbá kan tí kò rí oògùn rà dé pẹ̀lú ìbínú, ó na ìka sí imú nọ́ọ̀sì tí ó ń wá iṣan ọwọ́ ọmọdé kan láti fa omi sí i lára: “Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Ọ̀lẹ!” Ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbọ̀n, abẹ́rẹ́ yẹ̀, ó di dandan kí ó tún ọmọ náà gún. Mátírọ̀n dé, ó ní, “Bá mi bẹ̀ wọ́n jàre, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀.” Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó fi lọ.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 gba òṣìṣẹ́ ìlera láàyè láti má tọ́jú ẹni tí ó bá ń bú u, kí ó sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun aláṣẹ. Òfin kan náà kò fàyè gba kíkọ ìtọ́jú pàjáwìrì o. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ará ilé aláìsàn ni ó ń bú ènìyàn, a sì lè ní kí ó jáde.

Ẹ má ṣe pe èébú dókítà ní ìbáwí. Nọ́ọ̀sì tí ọ̀gá dókítà pè ní olódo níwájú àwọn aláìsàn kò ní bi í léèrè mọ́ bí ìwọ̀n oògùn bá rú u lójú.

Ẹ má sì rò pé ìlànà lè so àwọn nọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 kí òun tó jẹ́rìí sí ìwé wọn fún òkè òkun. Ìwọ́de ni ó fà. Ẹni tí a dí ọ̀nà òkè òkun mọ́ ṣì lè lọ ta aṣọ.

Paríparí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sí ẹnu. Ìwé wọ́ọ̀dù ń gba iye ìtọ̀ tí aláìsàn tọ̀, kò sí ìlà kan fún èébú. Bí a bá ń kọ ọjọ́, wákàtí àti orúkọ síbẹ̀, a lè rí i pé dókítà kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀ ń jáde léraléra, tàbí pé ìgbà tí ilé oògùn bá ti tì ni ìjà máa ń bẹ́.