Kente tí Mo Rà ní Bonwire, àti Télọ̀ tó Sọ Ọ́ Di Ọ̀wọ́n

Iye tí èmi àti ahunṣọ jọ fẹnu kò sí nídìí òfì kọ́ ni iye tí kente mi, aṣọ híhun ilẹ̀ Gánà, ná mi nígbẹ̀yìn, inú sì ń bí mi títí di òní nítorí pé kò sẹ́ni tó là á yé mi pé owó híhun nìkan ni wọ́n dá lé mi. Ẹ̀kọ́ ló gbé mi lọ sí Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, mo sì ti pinnu pé n kò ní darí wálé láìmú ojúlówó kente wá fún ìyá mi.

Bonwire, ìlú àwọn tó ń hun kente, kò jìnnà sí Kumasi, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 18 lọ. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní kente nígboro jẹ́ aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà sí lójú. Bí ẹ bá yí i padà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì, tí ọnà kò hàn dáadáa, a kò hun ún. Ọmọ aláṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn ni mí, nítorí náà ojú kan ni mo fi dá tòótọ́ mọ̀, mo sì ná ọjà náà débi tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Abala tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìbú rẹ̀ tó ínṣì 4, ni wọ́n ń hun, wọ́n á wá rán wọn pọ̀. Aṣọ ọkùnrin kan lè gba nǹkan bíi 24. Aṣọ òkè tiwa tí ìlà rẹ̀ lọ tààrà lè fara mọ́ àṣìṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ọnà kente bá wà lára abala kan, ojú lásán ló gbọ́dọ̀ kángun sí i lára èkejì. Lẹ́yìn tí télọ̀ náà ti fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la fún mi, mo tú aṣọ náà wò: lókè, ọnà bára mu, nígbà tó fi máa dé àárín, ó ti yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, nítorí pé ó fa abala kan le ju èkejì lọ. Ohun tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí gé e dànù, ó sì gé mọ́ ọnà tí ahunṣọ fi parí rẹ̀! Iṣẹ́ tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ mọ́ ogún àṣà aráyé ní 2024 nìyẹn.

Télọ̀ ní ahunṣọ ló jẹ̀bi. Ahunṣọ tẹ́ àwọn abala tó kù sílẹ̀ lójú mi, gbogbo wọn dọ́gba. Síbẹ̀, télọ̀ gba owó ìtú, ó tún gba owó àtúnrán, mo sì san án nítorí pé ọjọ́ ìrìnàjò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àkókò tí mo fẹ́ fi lọ sí Ntonso, kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi igbá gbígbẹ́ tẹ adinkra, àwọn àmì ọnà ilẹ̀ Akan, sára aṣọ, ló bá a lọ.

Aṣọ náà dára nígbẹ̀yìn, ìyá mi sì mọyì rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ra tiyín, ẹ béèrè nídìí òfì bóyá owó rírán wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ahunṣọ to àwọn abala náà sílẹ̀, kó kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn wọn kí ẹ tó kó wọn kúrò. Ẹ má san ju ìdajì owó télọ̀ lọ títí ẹ ó fi tẹ́ aṣọ náà, tí ẹ ó sì wò ó láti etí dé etí.