Bí a ṣe ń fi ríìmù tó tóbi sí mọ́tò láì ta ko òfin

Kí ẹ tó náwó sí ríìmù tó ń dán, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rébà. Bébà kékeré kan wà lára òpó ibẹ̀ tó sọ táyà tí ilé iṣẹ́ fi ṣe ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro Ìlọrin, 195/65R15 ni tiwọn. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni ríìmù, ní íǹṣì.

Ọ̀rọ̀ ihò nọ́ọ̀tì kò le. Corolla yẹn ń lo ihò 5 tó wà lórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 mìlímítà, Camry ń lo 5 lórí 114.3, nítorí náà ríìmù Camry kò wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní òun á fi fáìlì gbẹ́ ihò náà fẹ̀ fún yín, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gíga táyà ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Mo rí ẹnìkan ní Tanke tó ra ríìmù 17, tó wá ní kí fọkanáísà fún òun ní táyà tó ki. Wọ́n fún un ní 215/55R17. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Táyà àkọ́kọ́: 15 lọ́nà 25.4 jẹ́ 381. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 126.75, òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ 253.5, gbogbo rẹ̀ 634.5. Tuntun: 668.3. Ó fi ìdá 5 nínú 100 ga jù. Bí mítà bá ka 100, 105 lọkọ̀ ń sá. Òfin sì ní kí mọ́tò ara ẹni má kọjá 100 lójú títì márosẹ̀, àti 50 nínú ìlú. Ẹ̀rọ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ń wọn eré kò wo mítà yín. Yàtọ̀ síyẹn, bí ó bá ti kó èrò sẹ́yìn tó yí sítíà dópin, táyà ń ha ike inú fẹ́ńdà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń gé díẹ̀díẹ̀.

Ìyàtọ̀ gíga ìdá 3 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ máa ń fàyè gbà. Èmi kì í kọjá 2. 205/55R16 jẹ́ 631.9, òun ni mo máa ń yàn, torí ẹ̀gbẹ́ táyà 17 tín-ín-rín jù fún kòtò ọ̀nà wa. Tó bá di dandan kó jẹ́ 17, 215/45R17 ni, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà ẹrù tó tẹ̀lé e lára táyà: 91 ń gbé 615 kílò, 87 ń gbé 545 péré. Ẹ wo nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fún táyà ọkọ̀ yín. Ẹ má gba èyí tó kéré sí i, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ náà, nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2224 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 22, ọdún 2024. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò fẹ́ táyà tó ti ju ọdún 4 lọ. Òun ló jẹ́ kí n máa yẹra fún tòkunbọ̀.

Kí táyà má yọ síta kọjá fẹ́ńdà. VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kò nílò irinṣẹ́ kankan láti rí ìyẹn. Sípésà, irin tí wọ́n ń fi sáàárín ríìmù àti ibi tí wọ́n ń dè é mọ́, ló máa ń tì í síta, mi ò fi í sí mọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun inú fẹ́ńdà. Ó pọ́ọ́kú ju irinṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kí ẹ gun òkè kékeré tí wọ́n fi ń dá eré dúró, kí ẹ yí sítíà dópin sọ́tùn-ún àti sósì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti nù, táyà kan ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé fẹ́ńdà, ẹ pààrọ̀ táyà.

Òfin 2007 tó wà fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ka wíwakọ̀ láìní sípíà táyà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ti 15 tó wà nínú búùtù ṣì wúlò tí gíga rẹ̀ bá ti bá tuntun mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ ra karùn-ún. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín náà.

Ẹ dé nọ́ọ̀tì ní àgbékọjá, kí ẹ sì tún wọn dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sí Ọ̀fà bọ̀.