Ṣé kí n fi máàkì SAT mi ránṣẹ́ ni àbí kí n gbé e pamọ́?

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní test-optional ni o, ṣé kí n fi máàkì mi sí i?" Bí fọ́ọ̀mù ilé ìwé Amẹ́ríkà bá ti ṣí nínú oṣù kẹjọ báyìí, ohun tí àwọn ọmọ Adó-Èkìtì máa ń bi mí nìyẹn. Máàkì SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń sọ; test-optional túmọ̀ sí pé ìwọ lo máa yàn bóyá wàá fi ránṣẹ́. N kì í dá wọn lóhùn kíá, torí mi ò lè sọ pé máàkì pọ̀ tàbí ó kéré láìmọ ibi tó ń lọ.

Kọ́kọ́ lọ sí wẹ́búsáìtì ilé ìwé náà fúnra ẹ, fi ti WhatsApp sílẹ̀. Nígbà kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ wọn ní kò pọn dandan mọ́, àmọ́ nǹkan ti yí padà, MIT tún sọ ọ́ di dandan ní 2022, Dartmouth, Brown, Harvard àti Caltech kéde ní 2024 pé àwọn náà ti padà síbẹ̀. Àwọn University of California ní tiwọn kì í wò ó rárá, o báà gba 1600 géérégé tó ga jù lọ.

Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n ní kó o yàn fúnra ẹ, kọ orúkọ ilé ìwé náà sí Google, fi "Common Data Set" tì í, ìyẹn ìwé tí ilé ìwé fi ń kó nọ́ńbà nípa àwọn ọmọ tó gbà jáde, kó o wá apá tí wọ́n pè ní C9 nínú ẹ̀. Wàá rí 25th àti 75th percentile níbẹ̀. Ìdajì àwọn tó wọlé tí wọ́n fi máàkì sí i, àárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn ni wọ́n wà. Tí tìẹ bá bọ́ síbẹ̀ tàbí ó jù ú lọ, fi ránṣẹ́ jàre. Ká má sì gbàgbé pé àwọn tí tiwọn kéré ti gbé e pamọ́, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé gbogbo ayé ló mọ̀wé.

Ọmọ kan wá láti Ajílósùn lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wíńdò, 1380 ló gbà, Maths 740, Reading and Writing 640, ó ní òun ò fi sí i torí ẹnì kan nínú gúrúùpù wọn gba 1520. Mo ní kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀, ṣé ilé ìwé kan náà lẹ jọ ń lọ ni? A ṣí C9 ibi tó ń lọ, 1290 sí 1450. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Máàkì tó wà lábẹ́ 25th yẹn díẹ̀ ló le. Àwọn ará Amẹ́ríkà á ní kó o gbé e pamọ́, èmi ò fi gbogbo ẹnu gbà á. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ẹ lọ́hùn-ún ò mọ ilé ìwé ẹ n'Ìjerò, kò mọ̀ bóyá ọmọ méjìlá lo gba ipò kìíní láàárín wọn àbí igba, bẹ́ẹ̀ SS3 lo wà, WAEC ẹ ò tíì jáde. SAT yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi máa wọn ìwọ àti ọmọ Boston pọ̀. Tí ìyàtọ̀ ẹ̀ bá jẹ́ ogún, ọgbọ̀n máàkì, èmi á fi sí i, pàápàá tó bá jẹ́ injinía lo fẹ́ ṣe tí Maths ẹ sì dáa. Tó bá ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún, gbé e pamọ́.

Ti owó ńkọ́? Àwọn ibòmíì wà tó jẹ́ pé wọ́n á gbà ẹ́ wọlé láìsí SAT, ṣùgbọ́n skọ́láṣíìpù wọn ń béèrè ẹ, ojú ìwé skọ́láṣíìpù ni kó o ti wò ó. Má sì tètè ná dọ́là, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló gbà kó o fọwọ́ ara ẹ kọ máàkì sínú Common App, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé jọ ń lò, ìgbà tó o bá wọlé tán ni wọ́n máa ní kí College Board, àwọn tó ń ṣe SAT, fi ojúlówó ránṣẹ́. IELTS tàbí Duolingo, ọ̀tọ̀ nìyẹn o, ti Gẹ̀ẹ́sì ni.

Tó o bá wá gbé e pamọ́, sọ fún tíṣà tó ń bá ẹ kọ lẹ́tà. Mo ti rí ọmọ tó fi tiẹ̀ pamọ́ dáadáa, tí tíṣà ẹ̀ wá fìfẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "ọmọ yìí gbìyànjú, ó gba 1120."