Kí a tó sanwó bọ́ọ̀sì òde

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìmúra òde Ìbàdàn. Ẹ má jẹ́ kó di àárọ̀ Sátidé ká tó lọ wá bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Iléṣà o. Ká san díẹ̀ sílẹ̀, kí ìyókù dúró di ìgbà tí a bá padà délé. Ká bi dírẹ́bà: ṣé epo wà nínú owó náà? Ibẹ̀ nìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Kó máa dán kò ní kó jẹ́ tuntun.

Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni 18 náà, bí kúlà ìrẹsì bá wọlé, ẹ ka ènìyàn 14 sí i.