Fáìlì ìṣètò tó yí padà lẹ́yìn tí a gbé Ubuntu sókè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló ń fi ètò kan tó ń jẹ́ Squid pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn yòókù. Nígbà tí a gbé e kúrò lórí ẹ̀yà 20.04 bọ́ sórí 22.04, ó bi wá bóyá kí òun fi tuntun rọ́pò squid.conf, fáìlì ìṣètò Squid, ọmọ iṣẹ́ wa sì tẹ Y (bẹ́ẹ̀ ni). Láti ìgbà náà, "Access Denied" ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé ń rí. Ṣé ohun tí a kọ sínú fáìlì náà ti parẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò parẹ́, àbúrò. Nígbà tí ẹ tẹ Y, ẹ̀rọ fi fáìlì tuntun rọ́pò tiyín, ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ yí orúkọ tiyín padà sí squid.conf.dpkg-old, inú /etc/squid náà ló sì wà. Fáìlì tuntun ọ̀hún kò gba ẹnikẹ́ni láyè àfi kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tó fi ń lé àwọn oníbàárà yín. Ẹ má kàn dá ti àtijọ́ padà sáyè rẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ fi méjèèjì wé ara wọn:

sudo diff -u /etc/squid/squid.conf.dpkg-old /etc/squid/squid.conf

Àwọn ìlà tó jẹ́ tiyín ni kí ẹ mú, kí ẹ kọ wọ́n sínú fáìlì ọ̀tọ̀ nínú /etc/squid/conf.d, kí orúkọ rẹ̀ sì parí sí .conf. Squid.conf fúnra rẹ̀ máa ń ka ohun tó bá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ yóò máa rọ́pò nígbà tí ẹ bá tún gbé e sókè. Kí ẹ tó tún Squid tàn, ẹ pa àṣẹ sudo squid -k parse, yóò tọ́ka sí ìlà tó bá ní àṣìṣe.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi béèrè nípa squid.conf, tí kò béèrè nípa ọ̀pọ̀ fáìlì mìíràn?

Ìdáhùn: Dpkg, ètò tó ń fi sọ́fítíwíà sórí Ubuntu, máa ń fi àmì MD5 (àmì tó máa ń yí padà bí ohun inú fáìlì bá yí padà) ti fáìlì ìṣètò kọ̀ọ̀kan pamọ́ bó ṣe rí nígbà tó dé. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan fáìlì kan, yóò fi tuntun rọ́pò rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti tún un kọ, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ṣe é kò yí tiwọn padà, tiyín ni yóò dúró. Ìgbà tí ẹ̀yin àti àwọn bá jọ yí i padà ló máa ń béèrè, torí pé kò mọ ẹni tí yóò gbè. Bí ẹ bá tẹ Enter lásán, N (bẹ́ẹ̀ kọ́) ni yóò kà á sí: tiyín yóò dúró, tuntun yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú .dpkg-dist. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tẹ N títí iṣẹ́ fi parí, tí wọ́n rò pé ààbò nìyẹn. Èmi ò fara mọ́ ọn, nítorí pé fáìlì àtijọ́ lè ní ìlà kan tí Squid tuntun kò mọ̀ mọ́. D ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí ìyàtọ̀ wọn, kí ẹ tó yan.

Ìbéèrè: Php.ini, fáìlì ìṣètò PHP (èdè tí a fi ń kọ ètò orí wẹ́ẹ̀bù), ńkọ́? Kò béèrè rárá, síbẹ̀ fáìlì tó bá ju 2M lọ kò wọlé mọ́.

Ìdáhùn: Ìyẹn ló burú jù, torí pé kò sí ìkìlọ̀ kankan. PHP 7.4 ni 20.04 ń lò, 8.1 sì ni ti 22.04, fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. Tiyín ṣì wà nínú /etc/php/7.4/apache2, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kà á mọ́. Ẹ tún upload_max_filesize àti post_max_size (ìlà tó ń sọ bí fáìlì tó ń wọlé ṣe lè tóbi tó) kọ sínú ti 8.1, kí ẹ sì tún Apache, ètò tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde, tàn. PostgreSQL, ètò ìtọ́jú dátà, náà máa ń ní fódà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí iná bá dé, ẹ pa àṣẹ sudo dpkg --configure -a, lẹ́yìn náà sudo apt -f install, kí wọ́n lè parí iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e lọ sí 24.04, ẹ fi àṣẹ tar di gbogbo /etc, fódà tí àwọn fáìlì ìṣètò wà, sórí fláàṣì, kí ẹ sì tọ́jú fláàṣì náà dáadáa, torí pé àmì ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo yín wà nínú /etc/shadow.